Epo Pupa Lára Kẹ̀kẹ́ Ọmọ Mi

Irin àtijọ́ ní ohùn. Bí mo bá fẹ́ ra ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ ní Kútọnu, níbi tí wọ́n ti ń da àlòkù àwọn òyìnbó sílẹ̀ látinú kọ̀ǹténà, n kì í kọ́kọ́ wo ọ̀dà ara rẹ̀. Ìka ni mo fi ń kàn án. Èyí tó bá ti là níbì kan á dún bí agolo. Èyí tó bá pé á dún gooro, ohùn rẹ̀ á sì pẹ́ kó tó kú. Àwọn tó ń tà á máa ń fi mí ṣẹ̀sín pé bàbá ará Pobẹ̀ ti tún dé, ẹni tó ń bá kẹ̀kẹ́ sọ̀rọ̀. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé kẹ̀kẹ́ kì í purọ́ tó wọn.

Èyí tí mò ń sọ yìí, fétété la ń pe irú rẹ̀, kẹ̀kẹ́ onítáyà gbàǹgbà tí àwọn Faransé ṣe fún orí òkè nígbà tí èmi alára ṣì ń kọ́ṣẹ́. Irin gidi ni egungun rẹ̀, kì í ṣe yẹpẹrẹ tòde òní tó bá ti tẹ̀ báyìí tó ti parí. Ó ti dípẹtà, agbọ́n ti kọ́lé sínú ihò ìjókòó rẹ̀, ẹnì kan sì ti fi ọ̀dà búlúù kùn ún ní ìkùnkukùn bí ilẹ̀kùn ṣáláńgá. Oṣù mẹ́ta ni mo fi bá a jà lẹ́yìnkùlé mi ní Pobẹ̀. Ọ̀pá ìjókòó rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ inú irin. Mo da kẹrosíìnì sí i, mo lù ú, mo yí i, mo tún da kẹrosíìnì sí i. Ọjọ́ kẹsàn-án ló tó jáde. Ìyàwó mi ní orúkọ tí mo pe ọ̀pá yẹn, kí Ọlọ́run ṣáà dárí rẹ̀ jì mí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá sọ ọ́ di kẹ̀kẹ́ ayé ìsinsìnyí. Mo ha ọ̀dà búlúù yẹn kúrò, mo fi àwọ̀ ewé kùn ún, mo fún un ní táyà tó ń gé ẹrẹ̀, ọwọ́ tó fẹ̀, àti apá iwájú tuntun. Ìjánu ló gbà mí lákòókò jù. Ìjánu ti àtijọ́, rọ́bà méjì ló máa ń fún irin etí táyà mọ́ra. Lójú ọ̀nà tiwa, nígbà òjò, ẹrẹ̀ pupa á bo irin náà, rọ́bà á máa yọ̀, kẹ̀kẹ́ á sì máa lọ. Mo wá fi dísíkì sí i, irin pẹlẹbẹ róbótó kan láàárín táyà kọ̀ọ̀kan, tí awẹ́ kékeré méjì máa ń dì mú tí èèyàn bá fún ìjánu. Kẹ̀kẹ́ á dúró gbári. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò gbọdọ̀ rí òróró. Ẹ̀kán kan tó bá ti kan awẹ́ yẹn, ó ti mu ún nìyẹn. Ẹ lè fọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní di nǹkan kan mú mọ́, àfi kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Egungun àtijọ́ ò ní ibi tí wọ́n ń so dísíkì mọ́. Mo gbé e lọ bá jórinjórin kan ní Sakété pé kó jó etí irin kékeré kan mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó jó o wọ́. Mo ní kó gé e kúrò. Ó tún jó o wọ́. Ohun tí mo sọ fún ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ náà, ó ní bàbá òun ò sọ irú rẹ̀ sí òun rí. Ìgbà kẹta, ó gún régé, ṣùgbọ́n kò kí mi mọ́ títí dòní. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Mo mọṣẹ́, ẹnu mi ni ò dára. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé inú mi mọ́, pé tí mo bá ti sọ ọ́ tán, ó ti tán. Èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi àwọn tí mo sọ ọ́ sí bóyá ó tán nínú tiwọn.

Ọmọbìnrin mi ni mo ń ṣe kẹ̀kẹ́ náà fún. Aránṣọ ni, ó ti gba òmìnira, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń gun kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí wọ́n bí sórí rẹ̀. Àwọn agunkẹ̀kẹ́ kan láti Àjàṣẹ́ ló pe eré ìje: kí wọ́n gbéra ní Sakété, kí wọ́n gba ọ̀nà oko ní Ìta-Jẹ̀bú, kí wọ́n sì parí rẹ̀ ní Pobẹ̀. Ó ní òun á lọ. Mo ní kó lọ. Èmi ni mo tilẹ̀ mú un gba ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀mejì kó lè mọ̀ ọ́n.

Ibì kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀. Lẹ́yìn Ìta-Jẹ̀bú, ọ̀nà oko náà sọ̀ kalẹ̀ lójijì sí odò kékeré kan. Àgbàrá ti gbẹ́ àárín rẹ̀ di kòtò gígùn. Nísàlẹ̀, ìtì ọ̀pẹ méjì ni wọ́n fi ṣe afárá, ẹni tó bá ń bọ̀ gbọ́dọ̀ ti dá kẹ̀kẹ́ dúró tán kó tó dé orí rẹ̀. Mo sọ fún ọmọ mi pé kó má tètè fún ìjánu níbẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí àwọn tó kù máa bẹ̀rù, kó sọ̀ dé ìdajì, kó tó wá fún un mọ́lẹ̀. Mo ní ìjánu tí èmi bá fi ọwọ́ ara mi so, á dúró. Èmi ni mo fi ẹnu mi sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ọmọ àgbẹ̀dẹ sì ni wọ́n. Nílé tiwọn, irin tuntun kì í jáde láìjẹ́ pé wọ́n fi epo pupa tọ́ ọ níbi tí irin ti ń pàdé irin, kí Ògún lè mu epo, kó má mu ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sí kẹ̀kẹ́ bàbá mi, èyí tó fi ń kó àgbàdo lọ sọ́jà Sakété, kẹ̀kẹ́ náà ò sì gbé bàbá mi ṣubú rí títí wọ́n fi kú. Àárín táyà kẹ̀kẹ́ yẹn ò ní ìjánu kankan. Epo tí wọ́n ń fi síbẹ̀, oore ló ń ṣe é.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, eré ku ọ̀la, Ìyá jáde wá bá mi lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú abọ́ kékeré lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, jẹ́ n fún irin yìí ní tiẹ̀ kí ọmọ yẹn tó gùn ún lọ."

"Ìyá, ẹ má fi epo yín kan kẹ̀kẹ́ mi."

"Díẹ̀ ni. Bàbá rẹ náà—"

Láti àárọ̀ ni mo ti ń de okùn ìjánu, tí mò ń tú u, ẹ̀yìn ti ń ro mí. Mo gbé orí sókè, mo sì bẹ̀rẹ̀. Mo ní Mùsùlùmí ni mí, n kì í bọ irin. Èmi tí n kì í kírun pé lóòjọ́ nítorí ọwọ́ tó dọ̀tí, Ọlọ́run ni mo fà bo ìbínú mi lójú. Mo ní irú ìwà yìí ni kò jẹ́ kí ilé wa lọ síwájú. Mo ní kí wọ́n lọ jókòó síbi tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń jókòó sí. Ìyá dúró, wọ́n ń wò mí.

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà," ni wọ́n wí.

"Ẹ lọ di àkísà yín mú, ẹ fi aṣọ mi sílẹ̀ fún mi."

Ayálégbé wa tó ń fọ abọ́ gbé orí sókè. Ọmọ mi wolẹ̀. Ìyá gbé abọ́ wọn, wọ́n wọlé. Ọ̀rọ̀ kan péré ló yẹ kí n sọ fún wọn: Ìyá, irin pẹlẹbẹ yìí ló ń dá kẹ̀kẹ́ dúró, tó bá rí epo, kò ní dúró. Ọmọ àgbẹ̀dẹ ni wọ́n. Kò sóhun téèyàn lè sọ fún wọn nípa irin tí kò ní yé wọn. N ò sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, takisí tó ń lọ Sakété di kẹ̀kẹ́ náà mọ́rí, ọmọ mi sì wọ inú ọkọ̀. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni eré máa bẹ̀rẹ̀. Èmi fẹ́ dúró dè é ní Pobẹ̀ níbi tó máa parí sí. Ìyàwó mi wà ní Kútọnu lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, torí náà èmi ni mo mú ìgbálẹ̀. Mo dé ibi tí kẹ̀kẹ́ náà sùn sí, mo sì rí ẹ̀kán pupa mẹ́ta lórí símẹ́ǹtì níbi tí táyà iwájú dúró sí, méjì níbi tẹ̀yìn. Mo fi ìka kàn án, mo gbóòórùn rẹ̀. Epo pupa ni.

Ìyá jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, wọ́n ń bó ẹ̀pà.

"Ìyá, kí lẹ fi kan kẹ̀kẹ́ yẹn?"

Wọn ò wò mí. "Díẹ̀ ni. Ìyẹ́ adìẹ ni mo fi tọ́ ọ láàárín táyà méjèèjì. Ìgbà tí ọmọ yẹn ń wẹ̀ lọ́wọ́ ni."

"Irin pẹlẹbẹ tó wà níbẹ̀ ńkọ́?"

"Òun ni mo fi sí jù. Òun ló mú jù lára ẹ̀."

Mo pariwo. N ò rántí gbogbo ohun tí mo sọ, ṣùgbọ́n mo rántí pé mo ní tí ọmọ mi bá kú, kí wọ́n mọ̀ pé àwọn ni wọ́n pa á. Ẹ̀pà dà nù lẹ́sẹ̀ wọn. N ò dúró wò ó. Mo ti ń tẹ fóònù bí mo ṣe ń sáré jáde. Ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó dún títí ó fi kú. Aago mẹ́jọ ti fi ogún ìṣẹ́jú kọjá.

Mo fò sórí sémíjàn, alùpùpù akérò, àkọ́kọ́ tó dúró. Mo ní Ìta-Jẹ̀bú, kó gba ọ̀nà oko, kó má bi mí ní nǹkan kan. Ọmọ tó ń gùn ún ní, "Bàbá, ta ló ń lé yín?" Mo ní tó bá tún la ẹnu, màá ní kó sọ̀ kalẹ̀, màá gun alùpùpù náà fúnra mi. Ó fún alùpùpù náà níná. Lẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ọ̀pẹ, ọkọ̀ kan tó kó ẹyìn ti dábùú ọ̀nà, ẹyìn ti dà sílẹ̀, àwọn èèyàn ń ṣà á. Kò síbi tá a lè gbà. Mo sọ̀ kalẹ̀, èmi àti ọmọ náà gbé alùpùpù gba inú koríko kọjá. Mo tún tẹ fóònù. Ó ń dún.

Mò ń ṣírò rẹ̀ lórí: tí wọ́n bá gbéra ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, tó bá ń sáré bó ṣe máa ń sáré, ìgbà wo ló máa dé etí odò yẹn? Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ ló ń sọ fún mi pé mo lè bá a. Ọkàn mi ò gbà. Mo ń rí ọwọ́ rẹ̀ lórí ìjánu, ó ń dúró kó dé ìdajì bí mo ṣe kọ́ ọ, ó wá fún un. Mo ń bẹ Ọlọ́run tí mo fi orúkọ rẹ̀ bú ìyá mi lánàá.

Nígbà tí a dé orí ìsọ̀kalẹ̀ náà, àwọn agunkẹ̀kẹ́ mẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ọ̀nà Sakété, wọ́n ń ṣe jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Inú mi dùn díẹ̀. Mo bọ́ sáàárín ọ̀nà, mo na ọwọ́ méjèèjì.

"Ọmọbìnrin kan, kẹ̀kẹ́ àwọ̀ ewé, ṣé ó wà lẹ́yìn yín?"

Èyí tó wà níwájú nínú wọn rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yìn kẹ̀, bàbá? Ó ti já wa sílẹ̀ tipẹ́. Òun ló ṣáájú gbogbo wa."

Lọ́jọ́ mìíràn, inú mi ì bá dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré sọ̀ kalẹ̀. Mo rí ojú táyà rẹ̀ nínú erùpẹ̀ pupa, mo sì rí ìlà méjì mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi. Bàtà rẹ̀ ni. Láti òkè pátápátá ló ti ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Kò dúró dé ìdajì bí mo ṣe wí. Ó ti mọ̀ kó tó dé ibẹ̀ pé kò sí ìjánu. Nígbà tó ku díẹ̀ kó dé ibi ìtì ọ̀pẹ, ojú táyà náà yà kúrò lọ́nà, ó wọ inú oko ẹ̀gẹ́ lọ, gbogbo ẹ̀gẹ́ ibẹ̀ ti ṣẹ́.

Àwọn obìnrin méjì tó ń wú ẹ̀gẹ́ ló gbé e jókòó ti ọ̀pẹ kan. Ojú rẹ̀ ti bó lápá kan, èjìká ọ̀tún rẹ̀ ti sọ̀, ó fi ọwọ́ òsì gbé apá ọ̀tún dání bí ẹni gbé ọmọ. Ó wà láàyè. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, mo ń fọwọ́ tọ́ orí rẹ̀, ọrùn rẹ̀, mò ń wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde nìyẹn. Egungun èjìká rẹ̀ ti kán, èmi ló ń bẹ̀.

"Ta ló ń bínú? Kí ló dé tó ò pè mí? Ìgbà wo lo mọ̀ pé ìjánu yẹn ò dára?"

"Ní Sakété. Bí mo ṣe gbé e kúrò lórí takisí tí mo dán an wò. Mo fi gèlè nù ún, ó pọ́n. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi, kò gbọ́."

"O ò wá pè mí?"

"Mo tẹ nọ́ńbà yín. Mo pa á kó tó dún." Ó mí díẹ̀, ó ń dùn ún. "Mo mọ̀ pé Ìyá àgbà ni. Tí mo bá sọ fún yín, ẹ máa tún bú wọn. Wọ́n sunkún lálẹ́ àná, ẹ ò gbọ́ ni. Mo kó fóònù sínú báàgì, mo fún àwọn tó pe eré náà pé kí wọ́n bá mi gbé e."

"Ṣé kò wá yẹ kó o fi eré náà sílẹ̀?"

"Tí mo bá fi í sílẹ̀, ẹ máa béèrè ìdí rẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà mójú kúrò lára wa. Mo bọ́ bùbá mi, mo fi ká apá rẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀ bí mo ṣe rí i tí wọ́n ń ṣe é. Ọmọ sémíjàn tí mo ti pa lẹ́nu mọ́ ló gbé e sókè pẹ̀lú mi. Kẹ̀kẹ́ náà ti gba inú oko ẹ̀gẹ́ yí lọ sínú odò, orí rẹ̀ nílẹ̀, omi ń yí táyà ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀. N ò lọ gbé e.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ya àwòrán èjìká rẹ̀, wọ́n dè é, wọ́n ní oṣù méjì kó tó fọwọ́ yẹn rán nǹkan kan. Dókítà náà, ọ̀dọ́mọbìnrin ni, bi mí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọmọ mi yára dá a lóhùn pé òun ló sáré jù. Ó wò mí bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń wò bóyá mo fẹ́ sọ nǹkan mìíràn. Ojú yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Bí àwọn ará ilé mi ṣe máa ń wò mí kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ nìyẹn, mo sì ti rò pé ọ̀wọ̀ ni.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí takisí gbé wa dé Pobẹ̀. Ìyá wà létí ọ̀nà. Àwọn aládùúgbò ní láti ìgbà tí mo ti jáde ni wọ́n ti dúró síbẹ̀ nínú oòrùn, wọn ò jókòó, wọn ò mu omi, gbogbo alùpùpù tó bá ń bọ̀ láti ọ̀nà Sakété ni wọ́n ń nawọ́ sí. Ọmọ mi kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ìyá rí aṣọ funfun tí wọ́n fi dè é, wọ́n rí ojú rẹ̀ tó bó, wọ́n sì rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń rìn. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lérí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí mi.

Ìyá mi di òpó iná létí ọ̀nà mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀ fún orúnkún wọn. Orúnkún yẹn kì í tẹ̀ dáadáa mọ́, àga ni wọ́n fi ń kírun. "Ọmọ mi, dárí jì mí," ni wọ́n ń wí, "n ò mọ̀, n ò mọ̀." Ìyá kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Mo sáré sí wọn, mo na ọwọ́ kí n lè gbá wọn mú kí orúnkún wọn tó kanlẹ̀.

Wọ́n fi apá bo ojú.

N ò lu ìyá mi rí. N ò gbé ọwọ́ sí wọn rí láyé mi. Ṣùgbọ́n níwájú àwọn aládùúgbò, nígbà tí ọwọ́ mi ń bọ̀, ìyá mi káwọ́ bojú, wọ́n sún mọ́ òpó iná náà, wọ́n sì dúró kó bà wọ́n.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo na gbogbo ara mi sínú erùpẹ̀ létí ọ̀nà Pobẹ̀, mo ń pe Ìyá, mo ń pe Ìyá. Nígbà tí mo gbé orí sókè, apá wọn ṣì wà lójú. Ọmọ mi ló lọ bá wọn, ó fi ọwọ́ òsì tó kù fún un rọra sọ apá wọn kalẹ̀. "Ìyá àgbà," ló wí, "kò ní ṣe yín ní nǹkan kan."